Mo Gbé Orí Mi Fún Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ní agboolé wa nísàlẹ̀ òkè Mápó, àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń rántí mi ni pé mo fi ebi pa ìyá mi. Wọn kì í sọ ọ́ lójú mi mọ́, nítorí mo ti dàgbà, wọ́n sì mọ ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà nínú wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni mo fi ebi pa á. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì ní í bẹ ẹnikẹ́ni nísinsìnyí tí mo jókòó tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Onídìrí ni ìyá mi. Iwájú ilé wa, lábẹ́ páànù tó yọ síta, ni ó máa ń tẹ́ ẹní sí. Òun á jókòó lórí àpótí kékeré, ẹni tó fẹ́ dirí á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti Bẹẹrẹ, láti Ọjà'ba, láti Pópó Yemọja ni wọ́n ti ń wá bá a. Bó bá la irun, ìlà náà á gún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Bó bá di ṣùkú fún ọ, wàá fi sùn, wàá fi jí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní í tú. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi nìkan sì ni wọ́n bí. Irun ni ìyá mi fi rán mi lọ sí ilé ìwé, irun náà ló fi sọ mí di tíṣà. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn òmìnira, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan lẹ́yìn Òkè Padre, mo sì ń rò ó pé láìpẹ́ màá ní kí ó sinmi. Kò gbà. Ó ní tí òun bá sinmi, kí ni kí òun máa fi ọwọ́ ṣe?

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ orí ní ìlú wa. Obìnrin kì í gbé orí rẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí. Irun tó bá já bọ́ sórí ẹní, àwọn oníbàárà ìyá mi máa ń ṣà á ni, wọ́n á ká a mọ́ etí ìró wọn lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mú. Ìyá mi kì í bínú sí i. Ó ní òun náà kò ní í gbé orí òun fún ẹni tí òun ò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Mo wà nínú ilé, mò ń lọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, mo sì ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń bá oníbàárà kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba ṣe àwàdà. Lójijì àwàdà náà dúró. Obìnrin náà figbe ta. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti dìde dúró, òòyà ṣì wà nínú irun rẹ̀, ìyá mi sì ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ ti yí sí apá kan. Ó ń wò mí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, itọ́ ló ń dà. Mo ní kí obìnrin náà bá mi gbé e, ṣùgbọ́n ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ, ìdajì orí rẹ̀ wà ní dídì, ìdajì kejì rí wúruwùru. Mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé ó dé ilé àdúrà mẹ́ta kí wọ́n lè bá a fọ orí náà, ó sì ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé inú orí òun ni ọwọ́ onídìrí yẹn kú sí.

Takisí la fi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ tí kò mọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ mọ́. Àwa mọ orúkọ mìíràn fún un: ẹ̀gbà. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn ní agboolé wa, ohùn á lọ sílẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Nígbà tí ìyá mi fi máa padà sílé, ó ti lè jókòó, ó sì lè rìn díẹ̀ bí a bá dì í mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn so rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà kò sì dá ṣáká.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló gba ìtọ́jú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí rò pé ènìyàn burúkú ni. Aládùúrà ni, aláṣọ funfun. Obì ló ń tà ní Ọjà'ba, ó sì pa ìsọ̀ rẹ̀ tì nítorí ìyàwó tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń ró ìró fún un, ó ń gbé e dìde, ó ń gbé e jókòó. Bí ìyá mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó láti mu omi, ife ti dé ẹnu rẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ lọ́dọ̀ wa pé aláìsàn lẹ́ni nìyẹn. Gbogbo agboolé ló ń yìn ín, èmi náà ń yìn ín. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn, inú aṣọ ni ó ká a sí, ó fi ìró bò ó kí àlejò má baà rí i, ibẹ̀ ló sì ń wà láti àárọ̀ di alẹ́.

Kò pẹ́ tí àlejò fi dín kù. Àwọn tí ìyá mi ti ń di irun fún láti ìgbà ọmọge wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ìyá mi máa ń gbọ́ ohùn wọn. Á yí ojú sí ọ̀nà, á sì wo ẹní rẹ̀ tí a ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, inú á sì bí mi sí gbogbo Ìbàdàn.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí dókítà kan tó wọ agboolé wa. Yorùbá ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, bàtà rẹ̀ ti pọ́n fún eruku Bẹẹrẹ. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wá àwọn tí àrùn yìí kọlù, ó fẹ́ mọ ohun tó ń fà á ní ìlú wa, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí ara àwọn kan fi ń padà tí ti àwọn mìíràn kì í padà. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó tú ọwọ́ náà jáde lábẹ́ ìró, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ní ń fún màmá lóúnjẹ?"

"Èmi ni, dókítà," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn. "Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ta ní ń wọṣọ fún wọn?"

"Èmi náà ni."

"Bí wọ́n bá fẹ́ dìde ńkọ́?"

"Ṣé màá máa wò wọ́n ni? Èmi ni mò ń gbé wọn."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. "Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ò kú o. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ fúnra rẹ̀. Inú ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti ń rán ọwọ́ níṣẹ́, ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó jọ pé ibòmíràn nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ yẹn, bí ọwọ́ bá ń gbìyànjú. Bí ẹ̀yin bá ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, kí ló fẹ́ kọ́?"

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni mo bi í.

"Kò dá mi lójú. Ohun tí mò ń wádìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn kan ní àdúgbò yìí tí wọn ò ní ẹni tó ń tọ́jú wọn rárá, tí ọwọ́ wọn sàn ju ti àwọn tí wọ́n ń gẹ̀ lọ. Mo rò ó títí, kò yé mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́. Ohun tí ọwọ́ yìí kò bá gbìyànjú láti ṣe láàárín oṣù díẹ̀ sí i, ó lè má ṣe é mọ́."

Ó fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan sílẹ̀ pé kí ìyá mi máa fún un mọ́wọ́. Bó ṣe jáde báyìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò ní ìtọ́jú ló ń sàn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà!" Ó mú ọwọ́ náà, ó dá a padà sábẹ́ ìró.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Oṣù díẹ̀ tó sọ yẹn ni mò ń gbọ́ létí. Mo wo ìyá mi, mo rí i pé òun náà gbọ́. Mo ti rí ohun kan tí dókítà kò mọ̀, nítorí kò gbé inú ilé wa. Ìyá mi kì í fi ọwọ́ òsì jẹun. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, o kò gbọ́dọ̀ fi òsì jẹun, o kò gbọ́dọ̀ fi í kí ènìyàn. Bí kò bá sí ẹni tó bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, ọ̀tún nìkan ló kù tó lè gbà láti fi jẹ ẹ́. Ìsinmi ilé ìwé ti dé. Mo pinnu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo po ògì, mo ra àkàrà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìyá mi, mo sì tú ọwọ́ rẹ̀ jáde. "Ẹ jẹun, màmá," ni mo wí, mo jáde, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, mo fi ẹ̀yìn ti férémù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ó fẹ́ wọlé. Mi ò dìde.

"Kúrò lọ́nà."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Wọ́n á jẹun fúnra wọn."

"Ọwọ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

"Ọ̀tún."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, agboolé ti kún iwájú mi. Wọ́n ní ìwé ti bà mí jẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi irun tọ́ ló wá ń fi ebi pa ìyá. Wọ́n lọ pe baálé ilé, bàbá arúgbó tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn, ó bi mí pé ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé nìyí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì padà jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà. Mo fi àáké kọ́rí. Ṣé kí n dìde kí wọ́n lè máa fi ìtọ́jú sin ọwọ́ rẹ̀ lójú mi? Inú ń bí mi. Ẹ̀rù náà ń bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá dókítà yẹn mọ ohun tó ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ ti ní kò dá òun lójú.

Ìyá mi kò jẹun láàárọ̀. Kò jẹun lọ́sàn-án, kò sì jẹun nírọ̀lẹ́. Omi nìkan ni mo fún un mu. Ó kọ ojú sí ògiri, ó ń sunkún, èmi náà sì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúnlẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó rọ ọkàn mi. Ọkàn mi kò rọ̀. Mo tún ògì mìíràn pò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún àkàrà rà.

Ó tó ìgbà tí oòrùn gun orí páànù kí n tó gbọ́ tí abọ́ fi ara gbolẹ̀. Mo yí ojú. Ìyá mi ti fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí àkàrà. Ìka rẹ̀ ò kápá, ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ rún un mọ́lẹ̀ ni. Ó fa ọwọ́ náà sókè pẹ̀lú gbogbo èjìká rẹ̀, ó gbé ẹnu lọ pàdé rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí àyà rẹ̀. Díẹ̀ wọlé. Ó jẹ ẹ́, ó tún fa ọwọ́ padà lọ bù. Nígbà tó parí, ògì ti dà láti àgbọ̀n rẹ̀ dé ìró, ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Irú ojú bẹ́ẹ̀, mi ò rí i lára rẹ̀ rí.

"Ìkà," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, mo ní kí ó tún un wí. Ó tún un wí.

Láti ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rí àyà tí ògì dà sí, ó sì ti rí ọwọ́ tó gbé e débẹ̀, kò tún bu oúnjẹ sí ìyá mi lẹ́nu mọ́. Ó padà sí ìsọ̀ obì rẹ̀. Ó ní òun fi mí sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà ni a wá kọjú sí. Ìyá mi kórìíra rẹ̀. Bí mo bá fi í sí i lọ́wọ́, á jẹ́ kó yí lọ, á máa wò ó bó ṣe ń yí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà. Ní ọjọ́ kan ó fi ẹsẹ̀ gbá a síta, ó lọ bọ́ sínú gọ́tà tó gba iwájú ilé, ọ̀gbàrá gbé e lọ sí apá odò Ògùnpa. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló fẹ́ ná? Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí, lórí ṣíkáàfù tí mo so.

"Irun," ló wí. "Irun ló mọ̀."

Mo tú ṣíkáàfù mi. Mo tẹ́ ẹní síta, sí iwájú ilé níbi tó máa ń wà, mo gbé ìyá mi sórí àpótí rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n jáde wá wò wá. Ìyá àgbàlagbà kan ní agboolé pariwo pé kí n dìde, pé orí mi ni mò ń gbé fún òkú ọwọ́ yẹn. Mo ní orí mi ni, mo sì mọ ẹni tí mo gbé e fún.

Ọjọ́ kìíní, òòyà ò dúró sí ìka rẹ̀. Mo fi òwú dúdú tí a fi ń kó irun so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ha mí ní etí, ó fi gún mi ní ìpàkọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá ìlà kan ṣoṣo, ìlà náà sì wọ́ bí ọ̀nà Bẹẹrẹ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó ń dúró de ọ̀tún, ọ̀tún ò dé. Nígbà mìíràn á dáwọ́ dúró, màá sì mọ omijé rẹ̀ nítorí ó ń bọ́ sí mi lọ́rùn. Bí mo bá ní ká sinmi, á ní, "Jókòó." Ìyẹn náà ti ń dá ṣáká.

Ilé ìwé wọlé. Ìyá mi ti di irun mẹ́rin sí mi lórí nígbà náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò dọ́gba, ọ̀kan nípọn bí àtàǹpàkò, ọ̀kan ti ń tú kí ó tó parí, ìyókù orí mi sì rí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Mi ò so ṣíkáàfù. Mo gba Bẹẹrẹ kọjá lọ́nà bẹ́ẹ̀, mo gùn ún dé Òkè Padre. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí lórí bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà, ta ló di irun yín?"

"Ìyá mi ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán, mo wá kọ lẹ́tà sí pátákó. Nígbà tó dọ̀sán ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn òbí ti ń sọ̀rọ̀, pé tíṣà gbọ́dọ̀ rí bí tíṣà, pé kí n kúkú so ṣíkáàfù.

"Ṣé àṣẹ ni, sà?"

"Ìmọ̀ràn ni."

"Ẹ ṣeun, sà. Bó bá di àṣẹ, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè mú un lọ fún onídìrí mi."

Kò kọ ọ́. Gbogbo táàmù yẹn ni mo fi ru irun burúkú kiri ìlú Ìbàdàn. Ojú ò tì mí. Irọ́ ni, ojú tì mí lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ó tán. Mo pàdé obìnrin aláṣọ tó sá lọ lọ́jọ́sí ní Ọjà'ba. Ó wo orí mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọwọ́ yẹn náà ni?"

"Òun náà ni, mà. Ó ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ wá gba ìdajì orí yín tó kù."

Àwọn aláṣọ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìka ń jí. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ìka ìfábẹ̀lá. A já òwú tó so òòyà mọ́ ọn. Ìlà ń gún sí i. Bí mo bá wo inú dígí ní ọjọ́ Sátidé, mò ń ka èyí tó dára nínú wọn, ọ̀kan, méjì, lẹ́yìn náà márùn-ún. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kí ó tó parí odindi orí fún mi, kòlẹ́sẹ̀ lásán, irú èyí tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń dì. Ó fi gbogbo ọjọ́ dì í. Kò tún di ṣùkú rẹ̀ àtijọ́ mọ́ títí ayé rẹ̀, ìka méjì tó kẹ́yìn kò padà. Mi ò ní í purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orí tó parí yẹn, mo fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì jókòó sí iwájú pátápátá kí gbogbo ìjọ lè rí ìpàkọ́ mi.

Síbẹ̀, kò sí oníbàárà kankan tó wá. Ìyá mi a máa jókòó sórí àpótí láràárọ̀, ẹní á wà ní títẹ́ níwájú rẹ̀, wọ́n á kí i, wọ́n á kọjá. Ọwọ́ ti jí, wọn ò fẹ́ gbé orí fún un. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ tó kù le ju èyí tí a ti ṣe lọ.

Dókítà padà wá. Ó ní kí n tẹ orí, ó wò ó yíká, ó béèrè bọ́ọ̀lù rọ́bà. Ìyá mi ní, "Gọ́tà." Ó béèrè ohun tí a wá lò. Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí ẹní wa, ó kọ̀wé títí tí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó ní àwọn yòókù tí òun ń bẹ̀ wò, bọ́ọ̀lù ni òun pín fún gbogbo wọn, kò wá sí òun lọ́kàn láti bi wọ́n ní iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó ní gbogbo ilé ni òun fẹ́ wọ̀n, nítorí àrùn yìí máa ń gbé inú ara láìpariwo, ó sì ṣeé dá dúró bí a bá tètè mọ̀. Ó wọn èmi, ó ní ó dára. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun kò ní àìsàn kankan, pé Jésù ni oníṣègùn òun. Ó fi ìbínú na apá, kí a lè rí i pé òótọ́ ni òun sọ.

Dókítà wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. "Ìyá," ló wí, "tiyín ga o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìyàwó yín lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó sọ̀rọ̀ iyọ̀ fún un, ó fún un ní oògùn, ó ní kó wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Inú mi dùn díẹ̀ sí i, kí n sọ òótọ́, nítorí gbogbo èébú tó ti bú mi. Lẹ́yìn náà mo rí ojú rẹ̀, ojú tì mí. Obìnrin náà ti fi oṣù mẹ́ta wẹ ara tí ẹ̀gbà kọlù. Ó mọ bí ó ṣe ń rí, ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lọ sí ìsọ̀. A ń gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà nínú yàrá rẹ̀, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ohùn nìkan la ń gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá mi ti wà lórí àpótí rẹ̀ níwájú ẹní tó ṣófo, èmi ń múra àtilọ sí ilé ìwé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde sí iwájú ilé. Ó dúró. Àwọn èrò tó ń lọ sí Ọjà'ba ń kọjá, àwọn ará agboolé sì ń fọ ẹnu. Ó mú ọwọ́ sókè, ó ṣí aṣọ funfun tó fi ń bo orí. Mo ti gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí irun rẹ̀ ní gbangba. Ó ti funfun tán. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi.

"Ìyàwó," ló wí, kò yí ojú wò ó, "bó bá dé sí tèmi lọ́la, ṣé ọwọ́ máa ń padà lóòótọ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá mi níyàwó wá sí agboolé wa, kò pàṣẹ fún un rí. Ọkọ ló jẹ́ fún un, ó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ kí àìsàn tó dé. Ìyá mi fi ọwọ́ ọ̀tún mú òòyà.

"Ẹ tẹ orí yín wálẹ̀, ọkọ mi," ni ó wí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ orí. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́. Orí náà kò mì. Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, ó sì tún un là.